Kí Ẹ Tó Yan Àwọ̀ Fọ́tò: Ojú, Aṣọ àti Ìmọ́lẹ̀ Ló Ń Pàṣẹ

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, iléeṣẹ́ Fujifilm ti orílẹ̀-èdè Jàpáánì kéde kámẹ́rà kan tó ń jẹ́ X-T50. Lórí kámẹ́rà náà, lápá òsì, rìbìtì kan wà tí a fi ń yan àwọ̀. Orúkọ fíìmù ni wọ́n kọ sí i lára: Velvia, Astia, Classic Chrome àti àwọn mìíràn. Bẹ́ẹ̀, kò sí fíìmù kankan nínú kámẹ́rà ọ̀hún. Ẹni tó bá yí rìbìtì náà yóò kàn rí i pé ohun tó ń wò ti pàwọ̀ dà kó tó tẹ kámẹ́rà rárá.

Irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ 20 ló wà nínú X-T50. Iye kan náà ló wà nínú X100VI tó ṣáájú rẹ̀ jáde lóṣù Kejì ọdún yẹn. Fujifilm ń pè wọ́n ní Film Simulation, ìyẹn àfarawé fíìmù. Àwọn iléeṣẹ́ yòókù náà ní tiwọn: Canon ní Picture Style, Nikon ní Picture Control, Sony ní Creative Look. Ṣùgbọ́n Fujifilm ló sọ ọ́ di ohun tí àwọn ènìyàn tìtorí rẹ̀ ń ra kámẹ́rà.

Ẹni tó bá ní 20 lọ́wọ́ yóò béèrè pé: "Èwo ló dáa jù?" Lójú tèmi, ìbéèrè yẹn kò lè bí ìdáhùn tó wúlò. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹni kó tó fún ni ní nǹkan. Èyí tó ń gbé sánmà yọ lè ba ojú ènìyàn jẹ́. Èyí tó ń mú kí ojú ènìyàn jọ̀lọ̀ lè mú kí aṣọ òkè ṣá. Ìbéèrè tó yẹ kí oníṣẹ́ fọ́tò bi ara rẹ̀ ni pé: kí ni mi ò gbọdọ̀ pàdánù nínú àwòrán yìí? Bó bá ti mọ ìyẹn, 20 á di mẹ́ta, mẹ́ta á di ọ̀kan.

Iṣẹ́ ọwọ́ fíìmù kọ̀ọ̀kan

Ọ̀nà tó yá jù láti mọ ohun tí àwọn àwọ̀ wọ̀nyí wà fún ni ká wo àwọn fíìmù tí wọ́n gba orúkọ wọn. Ọdún 1934 ni wọ́n dá Fujifilm sílẹ̀, fíìmù sì ni òwò wọn fún ìgbà pípẹ́. Oríṣiríṣi oníṣẹ́ ni wọ́n sì ṣe é fún.

Velvia jáde ní 1990. Àwọn tó ń ya òkè, igbó àti omi fún ìwé ìròyìn aláràbarà ló gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, nítorí pé ewé máa ń tutù yọ̀yọ̀ lórí rẹ̀, ojú ọ̀run ìrọ̀lẹ́ sì máa ń pọ́n ju bó ti rí lọ. Astia jẹ́ ti àwọn tó ń ya ènìyàn àti aṣọ, tí wọn kò fẹ́ kí awọ ojú le. Provia dúró láàárín àwọn méjèèjì. Òun ló sì di àwọ̀ tí kámẹ́rà máa ń wà lórí rẹ̀ nígbà tí ẹ bá kọ́kọ́ tú u jáde nínú páálí. Pro Neg. gba orúkọ rẹ̀ lára fíìmù àwọn onísítúdíò àti àwọn tó ń ya ìgbéyàwó. Classic Neg. ń fara wé Superia, fíìmù tí oníkálukú ń rà sínú kámẹ́rà ilé rẹ̀. Fíìmù sinimá ni Eterna, tó kọ́kọ́ jáde ní 2004. Nígbà tó fi máa di 2013, Fujifilm ti jáwọ́ nínú ṣíṣe fíìmù tí wọ́n fi ń ya sinimá. Acros ni ti dúdú àti funfun. Reala, tó jáde ní 1989, ni wọ́n ṣe fún ẹni tó fẹ́ kí àwọ̀ rí bí ojú ṣe rí i.

Lẹ́yìn ọdún 2000 ni ọjà fíìmù ya lulẹ̀. Kodak ti Amẹ́ríkà, tó ti jẹ́ ọ̀gá nínú òwò náà, gba ilé ẹjọ́ lọ lóṣù Kìíní ọdún 2012 pé gbèsè ti wọ òun lọ́rùn. Fujifilm gbájú mọ́ òwò oògùn, ìpara ojú àti ẹ̀rọ ilé ìwòsàn, ṣùgbọ́n wọn kò da ìmọ̀ àwọ̀ tí wọ́n ti kó jọ nù. Nígbà tí kámẹ́rà X100 dé ọjà ní 2011, Provia, Velvia àti Astia wà nínú rẹ̀. Pro Neg. tẹ̀ lé e ní 2012 pẹ̀lú X-Pro1, Classic Chrome ní 2014 pẹ̀lú X30, Acros ní 2016 pẹ̀lú X-Pro2, Eterna ní 2018 pẹ̀lú X-H1, Classic Neg. ní 2019 pẹ̀lú X-Pro3, Nostalgic Neg. ní 2021 pẹ̀lú GFX100S, Reala Ace ní 2023 pẹ̀lú GFX100 II. Ìdí nìyí tí kámẹ́rà tó ti pẹ́ díẹ̀ kò fi ní gbogbo wọn. Kí ẹ tó ra àlòkù, ẹ wo èyí tó wà nínú rẹ̀.

Méjì nínú àwọn tí a dárúkọ wọ̀nyí kò fara wé fíìmù Fujifilm kan pàtó. Classic Chrome ń lé àwọ̀ ìwé ìròyìn àtijọ́, èyí tí àwọn ìròyìn alálàyé máa ń wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rí Kodachrome nínú rẹ̀, fíìmù tí Kodak tà láti 1935 títí di 2009, tí ilé ìfọfíìmù tó gbẹ̀yìn fún un, Dwayne's Photo ní ìpínlẹ̀ Kansas, sì dáwọ́ rẹ̀ dúró nígbà tí ọdún 2010 ń parí lọ. Nostalgic Neg. ní tirẹ̀ ń wo ẹ̀yìn sí àwọn fọ́tò aláwọ̀ tí àwọn ará Amẹ́ríkà bíi William Eggleston, Stephen Shore àti Joel Sternfeld gbé jáde ní àwọn ọdún 1970.

Kókó kan wà tó yẹ ká mú nínú ìtàn yìí. Àwọn tó ń ṣe àwọ̀ ní Fujifilm kì í fi pamọ́ pé kì í ṣe àwọ̀ bó ṣe rí gan-an ni wọ́n ń lé, bí kò ṣe àwọ̀ bí ènìyàn ṣe ń rántí rẹ̀. Sánmà ìrántí máa ń mọ́ ju sánmà tí a rí lọ. Ewé ìrántí máa ń tutù ju ewé tó wà lórí igi lọ. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n ìrántí ta ni? Àwọn tó jókòó ti tábìlì ní Jàpáánì, tí wọ́n ń fi fọ́tò wé fọ́tò, ní ojú tiwọn àti oòrùn tiwọn. Iṣẹ́ takuntakun ni wọ́n ṣe, àmọ́ àwa la máa pinnu bóyá ìrántí wọn bá tiwa mu.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn títẹ̀

Nígbà tí ẹ bá tẹ kámẹ́rà, ohun tó bọ́ sínú rẹ̀ kò tíì ní àwọ̀ tó dúró. Iye ìmọ́lẹ̀ pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù ni ẹ̀rọ inú rẹ̀ kà. Àfarawé fíìmù ni òfin tó sọ bí wọ́n á ṣe sọ iye yẹn di àwòrán: kí pupa yìí sún mọ́ àwọ̀ ọsàn, kí búlúù yẹn ṣókùnkùn sí i, kí òjìji le tàbí kó dẹ̀. Àwòrán tó bá ti òfin yìí jáde ni kámẹ́rà máa ń tọ́jú bíi JPEG. Bó bá ti di JPEG, ohun tí òfin náà gé sọnù ti lọ nìyẹn. Bí òjìji ẹ̀gbẹ́ ojú bá ti di dúdú kirikiri, kò sí àtúnṣe tó lè hú u jáde dáadáa.

Fáìlì RAW ní tirẹ̀ ń pa iye ìmọ́lẹ̀ náà mọ́ bó ṣe wọlé. Ẹ lè padà sí i nínú kámẹ́rà fúnra rẹ̀, kí ẹ fi àwọ̀ mìíràn tẹ̀ ẹ́ jáde, Velvia láàárọ̀, Astia lálẹ́. Láti 2017 ni ètò kan tó ń jẹ́ X RAW Studio ti wà tó ń jẹ́ kí ẹ fi wáyà so kámẹ́rà mọ́ kọ̀ǹpútà, kí ẹ sì ṣe iṣẹ́ yẹn lójú gbayawu. Kámẹ́rà náà tún lè fi títẹ̀ kan ṣoṣo tọ́jú àwòrán mẹ́ta ní àwọ̀ mẹ́ta. Nítorí náà, ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ kò ní àwíjàre kankan tí kò fi ní dán wọn wò.

Yàtọ̀ sí àfarawé fíìmù, àwọn ètò kéékèèké mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀: Highlight àti Shadow fún ibi tó mọ́lẹ̀ àti ibi òjìji, Color fún bí àwọ̀ ṣe rinlẹ̀ tó, Grain fún wóró-wóró fíìmù, Dynamic Range fún ààbò ibi tó mọ́lẹ̀ jù. Àwọn oníṣẹ́ fọ́tò káàkiri ayé máa ń pín ètò tí wọ́n ti pò pọ̀ fún ara wọn. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀, bí ẹ bá rántí pé oòrùn ibòmíràn ni wọ́n fi pò ó. Ètò tó dára nínú ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ òtútù, níbi tí oòrùn ti ń gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, lè sọ ọ̀sán gangan ní Ògbómọ̀ṣọ́ di dúdú àti funfun tí kò ní àárín.

Ojú ènìyàn ló ṣáájú

Ní ọdún 2009, ọ̀mọ̀wé ará Kánádà kan, Lorna Roth, tẹ ìwádìí kan jáde lórí káàdì tí Kodak fi ń ránṣẹ́ sí àwọn ilé ìfọfọ́tò. Fọ́tò obìnrin òyìnbó kan ló máa ń wà lórí rẹ̀. Wọ́n á wo ojú obìnrin náà, wọ́n á sì tún ẹ̀rọ wọn ṣe títí awọ rẹ̀ á fi rí bó ṣe yẹ. Shirley ni wọ́n ń pe gbogbo irú káàdì bẹ́ẹ̀. Nítorí pé ojú Shirley ni òṣùwọ̀n, ojú aláwọ̀ dúdú máa ń jáde bí òkùnkùn tí eyín àti ẹyinjú nìkan ń tàn nínú rẹ̀. Àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ní Kodak sọ fún Roth pé ẹ̀sùn àwọn tó ń ta ṣokoléètì àti àwọn tó ń ta àga onígi wà lára ohun tó mú kí wọ́n tún fíìmù ṣe, nítorí pé àwọ̀ ilẹ̀ kò jáde dáadáa. Ọdún 1990 kọjá kí káàdì tó ní ojú oríṣiríṣi ẹ̀yà tó wọ́pọ̀.

Kodak nìyẹn, kì í ṣe Fujifilm, ayé sì ti kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà síbẹ̀: kò sí àwọ̀ tí kò ní ojú kan tí wọ́n kọ́kọ́ fi wọ̀n ọ́n. Iṣẹ́ tiwa ni ká fi ojú tiwa wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ohun tó ń gbé adúmáadán yọ nínú fọ́tò ni ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn díẹ̀díẹ̀ láti iwájú orí dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó sì rọra wọ inú òjìji lábẹ́ àgbọ̀n. Àwọ̀ tó bá le máa ń gé àtẹ̀gùn yẹn sí méjì, ìmọ́lẹ̀ níhìn-ín, òkùnkùn lọ́hùn-ún. Velvia ni olórí àwọn tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, Classic Neg. sì ń tẹ̀ lé e. Eterna kì í gé e, àmọ́ ó máa ń fa àwọ̀ jáde lára awọ títí ojú á fi rí bíi ti ẹni tí ọyẹ́ mú tí kò rí ìpara pa. Classic Chrome náà lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí òjìji bá pọ̀. Pro Neg. Std, oríṣi Pro Neg. kan, ló dẹ̀ jù fún awọ: òjìji rẹ̀ ṣí, pupa rẹ̀ kò pariwo. Astia fún àwọ̀ ní ẹ̀mí díẹ̀ sí i láìjẹ́ kí ibi tó mọ́lẹ̀ le. Reala Ace rí bí ojú ṣe rí, àmọ́ òjìji rẹ̀ le díẹ̀. Ẹ fa Shadow rẹ̀ wálẹ̀ sí -1.

Apọ́nbéporẹ́ ní ìṣòro tirẹ̀. Velvia á sọ imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ di pupa fòò, Nostalgic Neg. á sì da àwọ̀ ọsàn bo gbogbo ojú rẹ̀. Níbi tí ẹbí bá ti tò pa pọ̀, tí adúmáadán, apọ́nbéporẹ́ àti bàbá àgbà olórí funfun jókòó sórí ìjókòó kan, àwọ̀ jẹ́jẹ́ nìkan ló lè ṣe gbogbo wọn ní dọ́gbadọ́gba.

Ọ̀rọ̀ Acros tún yàtọ̀. Kámẹ́rà ń fún yín láyè láti fi asẹ́ ìyeyè, pupa tàbí àwọ̀ ewé sí i. Ìmọ̀ràn tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé asẹ́ àwọ̀ ewé ló yẹ fún ojú ènìyàn, pé ó ń tún awọ ojú ṣe. Fún ojú funfun, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Awọ ènìyàn máa ń dá ìmọ́lẹ̀ pupa padà ju ti àwọ̀ ewé lọ, nítorí náà asẹ́ àwọ̀ ewé máa ń mú kí awọ ṣókùnkùn sí i, asẹ́ pupa sì máa ń mú kó mọ́. Lójú adúláwọ̀, asẹ́ pupa tàbí ìyeyè ló ń gbé ìmọ́lẹ̀ jáde. Ti àwọ̀ ewé á tẹ ojú náà rì. Ẹ dán méjèèjì wò lára ẹnì kan náà, ẹ ó rí i kedere.

Ohun tí àlàárì, sányán àti ẹtù máa sọ fún yín

Nínú ayẹyẹ wa, lẹ́yìn ojú, aṣọ ló kàn. Ẹbí ti jókòó, wọ́n ti jiyàn kí wọ́n tó fẹnu kò lórí àwọ̀ aṣọ ẹbí, àwọn ọ̀rẹ́ ti sanwó, gèlè ti bá fìlà mu. Bí fọ́tò bá wá fi àwọ̀ mìíràn hàn, oníṣẹ́ fọ́tò ni wọ́n máa bi. Nostalgic Neg. máa ń ta àwọ̀ ọsàn sí ibi tó mọ́lẹ̀, léèsì funfun báláú á sì pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Classic Neg. máa ń yí àwọ̀ kan náà sí oríṣi méjì, ọ̀kan níbi ìmọ́lẹ̀, èkejì níbi òjìji. Méjèèjì dùn ún wò nínú fọ́tò tí ẹ yà fún ara yín lójú títì. Fún aṣọ ẹbí, wàhálà ni wọ́n. Ìyá tó ń ta aṣọ lórí fóònù náà gbọ́dọ̀ ṣọ́ra fún wọn, kí oníbàárà má baà gba ohun tí kò rà.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ìwà àfarawé fíìmù kan, ẹ gbé aṣọ òkè mẹ́ta síwájú rẹ̀: àlàárì, sányán àti ẹtù. Pupa àlàárì rinlẹ̀ débi pé Velvia á tì í dé òkè àjà. Ìlà híhun rẹ̀ á pòórá, a ó sì rí pupa kan ṣoṣo tó tẹ́ pẹrẹsẹ. Irú ìṣòro yìí ni Fujifilm ṣe ètò Color Chrome Effect fún: ó máa ń jẹ́ kí àwọ̀ tó rinlẹ̀ jù ní òkè àti ìsàlẹ̀ nínú ara rẹ̀. Ẹ lo Provia tàbí Astia, ẹ gbé ètò yẹn sí Strong, fọ́nrán òwú á padà yọ.

Àwọ̀ sányán jẹ́ jẹ́jẹ́, ó wà láàárín àwọ̀ ilẹ̀ àti eérú. Velvia á sọ ọ́ di ìyeyè, Eterna á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á rẹ́. Pro Neg. Std àti Classic Chrome ló bọ̀wọ̀ fún un jù, nítorí pé àwọ̀ ilẹ̀ ni Classic Chrome mọ̀ ọ́n tọ́jú.

Ẹtù ló le jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Aró rẹ̀ sún mọ́ dúdú, ìlà tín-ín-rín tó wà lára rẹ̀ ni iyì rẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn tí iná rẹ̀ kò tó, àwọ̀ tó le á gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ẹ fa Shadow wálẹ̀, kí ẹ sì wá ìmọ́lẹ̀ sí i láti ẹ̀gbẹ́. Ètò mìíràn tún wà, Color Chrome FX Blue, tó ń mú kí búlúù jinlẹ̀ sí i. Àdìrẹ Abẹ́òkúta nínú oòrùn máa ń jèrè rẹ̀ gan-an. Fún ẹtù nínú òkùnkùn, ẹ pa á, kò nílò ohun tó máa tún rì í mọ́lẹ̀.

Ìmọ́lẹ̀ ló ń bá àwọ̀ jiyàn

Kò sí àfarawé fíìmù tó lè ṣe iṣẹ́ ìmọ́lẹ̀. Ìyàwó tó wọ léèsì funfun lábẹ́ oòrùn ọ̀sán ni ìdánwò ńlá. Kámẹ́rà á rí funfun náà, á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì dín in kù. Ojú ìyàwó á ṣókùnkùn. Ẹ fi ojú wọn ìmọ́lẹ̀, kí ẹ sì gbé Dynamic Range sí DR400 kí léèsì má baà jóná. Ètò yìí máa ń gba ISO tó ga ju ti ìpìlẹ̀ lọ: lórí X-T50 àti X100VI, tí ìpìlẹ̀ wọn jẹ́ 125, DR200 nílò ó kéré tán 250, DR400 sì nílò 500. Ẹni tó bá fi ISO sí 125 tó ń retí DR400 kò ní rí i.

Ìgbà inú ọdún náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku á bo oòrùn, òjìji á dẹ̀, òkè tó wà lókèèrè á sì di funfun. Velvia tó le jù lóṣù Kẹta lè wá wúlò nígbà yẹn fún ẹni tó ń ya Olúmọ tàbí Ìdànrè, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ kò le. Nígbà òjò, ewé ti tutù tán, ilẹ̀ ti pọ́n tán. Provia ti tó, Velvia á kàn máa pariwo lórí ohun tó ti ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá gun Òkè Àrẹ̀ lọ wo páànù Ìbàdàn tó ti dípẹtà láti ibi tí ilé gogoro Bower wà yóò rí i pé Classic Chrome mọ iṣẹ́ náà: àwọ̀ ilẹ̀ dúró, sánmà rẹlẹ̀, páànù wá di ọba fọ́tò.

Iná gbọ̀ngàn ayẹyẹ ni ọ̀tá gbogbo wọn. Níbi tí iná aláwọ̀ àlùkò àti búlúù bá ti ń tàn sójú tọkọtaya, kò sí orúkọ fíìmù tó lè gbà wọ́n sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ tún White Balance ṣe, ẹ lo fláàṣì tiyín, bí kò bá ṣeé ṣe, ẹ bọ́ sórí Acros. Fọ́tò dúdú àti funfun tó dára sàn ju ojú aláwọ̀ àlùkò lọ.

Ṣé irọ́ kọ́ ni?

Àwọn kan máa ń sọ pé ẹni tó ń fi kámẹ́rà oní-díjítà ṣe bíi fíìmù ń parọ́. Ìtàn wa kò gbè wọ́n. Ní 1978, Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà kan, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn African Arts lórí bí àwọn Yorùbá ṣe ń lo fọ́tò, Ìlá Ọ̀ràngún sì wà lára ibi tó ti ṣèwádìí. Ó rí i níbẹ̀ pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, tí kò sì sí fọ́tò tí méjèèjì jọ yà, oníṣẹ́ fọ́tò lè ya èyí tó wà láyé, kó sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí pépà kan kí ó lè dà bí ẹni pé àwọn méjèèjì jókòó pọ̀. Bí ó bá jẹ́ akọ àti abo, èyí tó wà láyé á wọ aṣọ tirẹ̀, á sì tún wọ ti ìkejì rẹ̀. Ẹbí á gbé fọ́tò náà síbi tí ère ìbejì ì bá wà. Kò sí ẹni tó pe oníṣẹ́ yẹn ní òpùrọ́. Ohun tó yẹ kí àwòrán náà ṣe ló ṣe.

J. D. 'Okhai Ojeikere, oníṣẹ́ fọ́tò ọmọ Nàìjíríà tó kú ní 2014, bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 1968. Dúdú àti funfun ló fi yà á. Àwọ̀ kò sí níbẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó bá wo fọ́tò irun onílé gogoro rẹ̀ á ka òwú tí wọ́n fi kó o. Ohun tó fi sílẹ̀ jẹ́ kí ohun tó fẹ́ ká rí yọ dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni yíyan àwọ̀ ṣe yẹ kó rí: fífi nǹkan kan sílẹ̀ nítorí èyí tó ṣe pàtàkì ju ú lọ. Irọ́ wọ̀ ọ́ nígbà tí a bá fi pa oníbàárà lójú dé, bíi kí a tà á ní aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ kì í ṣe èyí tó rí.

Ìdájọ́ mi

Fún ìgbéyàwó, ìsọmọlórúkọ àti òkú àgbà, ẹ fi Pro Neg. Std tàbí Reala Ace ṣe ìpìlẹ̀. Bí kámẹ́rà yín kò bá ní Reala Ace, Astia tàbí Provia tí ẹ fa Shadow rẹ̀ wálẹ̀ á ṣe é. Fún ìròyìn, ọjà àti ìlú, Classic Chrome. Fún òkè, omi àti igbó, Velvia, kí ènìyàn má sì sún mọ́ iwájú. Classic Neg. àti Nostalgic Neg. jẹ́ ti fọ́tò tí ẹ yà fún inú dídùn ara yín, tí ẹnikẹ́ni kò ní wá bi yín nípa àwọ̀ léèsì rẹ̀. Acros wà fún ojú tó ní ìtàn àti fún ibi tí iná ti ba àwọ̀ jẹ́.

Ẹ má ṣe gbé gbogbo 20 lọ sóde ayẹyẹ. Ẹni tó ń yí rìbìtì nígbà tí ìyàwó ń wọlé yóò pàdánù ìyàwó, yóò sì fi ìwé fọ́tò tí ojú ewé rẹ̀ kò bá ara wọn mu lé ẹbí lọ́wọ́. Ẹ yan méjì, ẹ ti wọn mọ́ ibi ìtọ́jú ètò inú kámẹ́rà, kí ẹ sì lò wọ́n títí ẹ ó fi mọ ohun tí wọ́n máa ṣe kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Ẹ dán wọn wò lára ìyá yín, lára ẹ̀gbọ́n yín tó pọ́n àti àbúrò yín tó dú, lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti nínú oòrùn. Ẹ tẹ díẹ̀ nínú wọn jáde sórí pépà ní lábù, nítorí fóònù kọ̀ọ̀kan ní irọ́ tirẹ̀. Kí ẹ sì rí i dájú pé kámẹ́rà ń tọ́jú RAW pẹ̀lú JPEG ní gbogbo òde tí wọ́n bá ti sanwó fún yín: àwọ̀ tí ẹ yàn lónìí lè má wu ẹbí náà lọ́dún mẹ́wàá òní, ẹ ó sì tún un tẹ̀ fún wọn láìsí ìjà.